Bí ọmọ bá bi yín nípa ìbálòpọ̀: ìtọ́sọ́nà fún òbí, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìlera

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọmọbìnrin kan wọlé tọ̀ mí wá ní yàrá ìfètòsọ́mọbíbí. Etí àga ló jókòó sí. Ó gbé báàgì ìwé rẹ̀ lé itan, ó ń fi ìka lọ́ okùn báàgì náà. Ó ní òun fẹ́ béèrè nǹkan. Kó tó dárúkọ nǹkan ọ̀hún, mo ti bi í pé, "Ṣé màmá ẹ mọ̀ pé o wá síbí?" Ó ní, "Ẹ má bínú, mà." Ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn, ó lọ. Mi ò fojú kàn án mọ́ títí dòní.

Mi ò bínú sí i lọ́jọ́ náà, mo rò pé ìtọ́jú ni mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n látìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá jáde lẹ́nu àgbàlagbà ni ọmọ fi ń pinnu bóyá òun á parí ọ̀rọ̀ òun. Hóró oògùn ni o, rọ́bà ìdáàbòbò (kọ́ńdọ̀mù) ni o, àyẹ̀wò ni o, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni gbogbo wọn ń wá. Ẹni tí ọmọ ọdún 10 sí 19 wà lábẹ́ àbójútó rẹ̀ ni mo kọ èyí fún, ìyẹn àwọn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń pè ní ọ̀dọ́langba. Tọkùnrin tobìnrin wọn ni mò ń sọ o.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ́kọ́ tún ẹnu ara yín ṣe

Ẹ wá ibi tí ẹ dá wà, kí ẹ pe àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jáde: ojú ara, ọmú, kóró ẹpọ̀n, àtọ̀, nǹkan oṣù, ìbálòpọ̀, rọ́bà. Bí ahọ́n yín bá ń kọ́ nígbà tí kò sí ẹnì kankan lọ́dọ̀ yín, ẹ máa pè é títí tí kò fi ní kọ́ mọ́. Ọmọ á gbọ́ ìkọ́lẹ̀ yẹn kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, á sì gbà pé ohun ìtìjú ni ara òun.

Orúkọ tí ẹ ń pe ẹ̀yà ara nílé, kó jẹ́ èyí tí olùkọ́ tàbí dókítà lè gbọ́ kó yé e. Ọmọ tó ń fi orúkọ àdàpè tí ẹlòmíì ò mọ̀ pe ojú ara rẹ̀, bí ẹnì kan bá fọwọ́ kàn án níbẹ̀, ẹjọ́ tó bá rò kò ní yé ẹni tó lè gbà á sílẹ̀.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn òbí jù ni pé bí a bá sọ ọ́, a ti rán wọn níṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní àríyànjiyàn. Àjọ UNESCO, ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, gbé ìtọ́sọ́nà àgbáyé jáde lórí ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ ní 2009, wọ́n tún un ṣe ní 2018, wọ́n sì gbé ìwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ yẹ̀ wò. Ẹ̀kọ́ tó péye kì í mú kí ọmọ tètè bẹ̀rẹ̀ ìbálòpọ̀. Níbi púpọ̀, ńṣe ló ń jẹ́ kí wọ́n fi í falẹ̀, àwọn tó bá sì bẹ̀rẹ̀ ń lo ìdáàbòbò ju àwọn tí wọn ò sọ fún lọ. Èyí tí kò ṣiṣẹ́ ni ká ní kí wọ́n ṣáà kó ara wọn níjàánu, ká sì fẹnu mọ́ ọn níbẹ̀. Ọmọ tí a ò bá sọ fún, fóònù ń bọ̀ wá sọ fún un, ẹ sì mọ irú ohun tí fóònù ń fi hàn wọ́n.

Bí ìbéèrè bá ju yín lọ, ẹ ní, "O béèrè dáadáa. Jẹ́ kí n wádìí ẹ̀, màá sọ fún ẹ lálẹ́ ọ̀la." Kí ẹ wá rí i dájú pé ẹ sọ fún un lálẹ́ ọ̀la ọ̀hún.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ sọ̀rọ̀ ìbàlágà kí ìbàlágà tó dé

Ara ọmọbìnrin máa ń bẹ̀rẹ̀ sí yí padà láàárín ọdún 8 sí 13, ti ọmọkùnrin láàárín ọdún 9 sí 14. Nítorí náà, ọmọ ọdún 8 tàbí 9 kò kéré jù fún ọ̀rọ̀ yìí. Ọmú ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ lára ọmọbìnrin. Nǹkan oṣù á tẹ̀ lé e ní nǹkan bí ọdún 2 sí 3 lẹ́yìn náà. Tí ẹ bá ti rí i pé ọmú ń yọ, ẹ ti ní àkókò láti múra, ẹ má ṣe fi ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ ní àpò kékeré kan nínú báàgì ìwé rẹ̀: páàdì méjì, pátá kan, ọ̀rá kékeré tó máa fi di èyí tó bá bọ́. Ẹ ṣí páàdì kan lójú ẹ̀, kí ẹ fi han ọkùnrin àti obìnrin inú ilé. Ẹ̀gbẹ́ tó ń lẹ̀ ló ń kan pátá, kì í ṣe ara. Kí ọmọbìnrin fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátá lẹ́ẹ̀kan kí ọjọ́ náà tó dé. Mo ti rí ọmọ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, tó ń sunkún nígbà tó fẹ́ yọ ọ́, nítorí kò sẹ́ni tó fi hàn án rí. Wákàtí 4 sí 6 ló yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án. Bó bá jẹ́ ti aṣọ, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tútù fọ̀ ọ́, kí wọ́n sá a sí oòrùn gan-an. Ká máa sá a pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí ìtìjú ló ń jẹ́ kó máa rùn.

Inú rírun díẹ̀ kò ṣàjèjì. Omi gbígbóná nínú ìgò tí wọ́n fi aṣọ wé, tí wọ́n gbé lé ìsàlẹ̀ ikùn, ń ṣèrànwọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn ìrora ibuprofen lẹ́yìn oúnjẹ fún ẹni tí kò ní ọgbẹ́ inú. Àwọn tó yẹ kí dókítà rí ni ọmọ tí ìrora kì í jẹ́ kó lọ ilé ẹ̀kọ́ lóṣooṣù, ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń kún páàdì láàárín wákàtí kan sí méjì, tàbí tó ń ya ju ọjọ́ 7 lọ, àti ọmọ tó pé ọdún 15 tí kò tíì rí nǹkan oṣù rẹ̀ rárá.

A máa ń gbàgbé àwọn ọmọkùnrin. Ọmọ ọdún 13 tó jí lóru tó bá ilẹ̀ tútù lábẹ́ ara rẹ̀ lè rò pé àìsàn ló dé sí òun. Ẹ sọ fún un ṣáájú pé àtọ̀ lè jáde lójú oorun, pé ọmú ọmọkùnrin pàápàá lè le díẹ̀ kó sì dun ún fún ìgbà díẹ̀, pé ohùn á máa já. Ẹ fi ìkan kún un tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ rárá, àmọ́ tí ìtìjú kan náà ń bò mọ́lẹ̀: bí kóró ẹpọ̀n bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọmọ gan-an, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni. Ó lè jẹ́ pé ó ti lọ́ mọ́ra, ẹ̀jẹ̀ ò sì lọ síbẹ̀ mọ́. Bí wákàtí 6 bá ti kọjá, kóró náà lè kú.

Kí ọmọkùnrin kọ́ nípa nǹkan oṣù, kí ọmọbìnrin náà kọ́ nípa àtọ̀, nínú yàrá kan náà. Bí a bá lé àwọn ọmọkùnrin síta ká tó fi páàdì han àwọn obìnrin, ohun tí àwọn tó wà níta kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé kò kàn wọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ là á yé wọn bí oyún ṣe ń dúró

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń wá bá mi mọ̀ pé ìbálòpọ̀ ló ń fa oyún. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni ọjọ́. Wọ́n á ní ìgbà àkọ́kọ́ kì í dúró. Wọ́n á ní béèyàn bá wà lórí ìdúró, kò lè dúró. Wọ́n á ní omi iyọ̀ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ dànù. Kò sí òótọ́ kankan níbẹ̀. Kí omi iyọ̀ tó débẹ̀, àtọ̀ ti kọjá ẹnu ilé ọmọ, ìfọ̀ náà á sì tún ba ojú ara jẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ mú bébà, kí ẹ fa ìlà gígùn kan, kí ẹ kọ nọ́mbà 1 dé 28 sí i. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá yọ ni ọjọ́ 1. Ẹyin máa ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14 ṣáájú nǹkan oṣù tó ń bọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, nítorí wọ́n rò pé ọjọ́ 14 lẹ́yìn èyí tó kọjá ni. Ẹyin kì í lò ju ọjọ́ kan lọ, àmọ́ àtọ̀ lè wà láàyè nínú obìnrin fún ọjọ́ 5.

Wàyí o, oṣù ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bàlágà kì í dúró lójú kan. Láàárín ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ ọjọ́ 21, ó lè jẹ́ 45. Ká ní tòṣù yìí jẹ́ ọjọ́ 23. Ẹ yọ 14 kúrò, ẹyin jáde lọ́jọ́ 9. Bó bá ní ìbálòpọ̀ lọ́jọ́ 5, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, àtọ̀ á ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ 9. Bí tòṣù tó tẹ̀ lé e bá wá gùn dé ọjọ́ 40, ọjọ́ 26 ni ẹyin máa jáde, nígbà tó ti rò pé ewu ti kọjá lọ tipẹ́. Kò sí bí ọ̀dọ́langba ṣe lè fi kàlẹ́ńdà nìkan dáàbò bo ara rẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹyin ló ń ṣáájú ẹ̀jẹ̀, ọmọ tí kò tíì rí nǹkan oṣù rí lè lóyún.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ kọ́ wọn bí a ṣe ń gbọ́ "rárá"

A máa ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin bí wọ́n ṣe ń sọ "rárá". Mo ti wá rí i pé iṣẹ́ náà kò tíì dé ìdajì. Ta ló kọ́ àwọn ọmọkùnrin bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ?

Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. Màá ní kí àwọn méjì jáde síwájú kíláàsì, kí wọ́n yá fóònù lọ́wọ́ ara wọn. Ìkan á tọrọ, ìkejì á ní òun ò yá a. Ìṣe ẹni tó tọrọ ni kí gbogbo kíláàsì máa wò. Ẹlòmíì á bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹlòmíì á ní, "Ṣé o ò fẹ́ràn mi ni?" Ẹlòmíì á kàn rọra nawọ́ sí i. Lẹ́yìn náà màá ní kí wọ́n tún un ṣe, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, kí ẹni tó tọrọ ní, "Ó dáa," kó sì jókòó. Ó máa ń ya àwọn fúnra wọn lẹ́nu bó ṣe nira tó láti sọ "ó dáa" kéèyàn jókòó.

Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan bi mí pé, "Tó bá wá dákẹ́ ńkọ́, mà?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo ní ìbéèrè tó dáa jù lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ẹni tó dákẹ́ kò tíì gbà. Ẹni tó ń sùn, ẹni tó mutí yó, ẹni tí ẹ̀rù ń bà, kò tíì gbà. Ẹni tó gbà lánàá lè má gbà lónìí, ó sì lè yí ọkàn padà nígbà tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá dá ẹ lójú, béèrè. Tí ojú bá ń tì ẹ́ láti béèrè, o ò tíì tó ẹni tó ń ṣe é.

Ọmọkùnrin náà lè sọ rárá o. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí ẹnì kejì bá jẹ́ àgbàlagbà, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Olùkọ́, ìbátan, aládùúgbò, ẹni tó ń san owó ilé ẹ̀kọ́, kò sí bí ọmọ ṣe lè fọwọ́ sí i. Òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní iye ọdún tí èèyàn gbọ́dọ̀ pé kó tó lè gbà sí ìbálòpọ̀. Ẹ lọ mọ ti ibi tí ẹ wà. Àmì tó yẹ kẹ́ ẹ máa wò ni àgbàlagbà tó ń fún ọmọ lẹ́bùn ní bòókẹ́lẹ́, tó ń ní "má sọ fún màmá ẹ", tó ń wá ọ̀nà kó lè dá wà pẹ̀lú rẹ̀. Bákan náà ni ẹni tó ń ní kí ọmọ ya ara rẹ̀ níhòòhò ránṣẹ́ lórí fóònù.

Ìdọ́gba tún wà nínú ohun tí a ń pe ara wa. Ẹ bi kíláàsì pé: bí rọ́bà bá jábọ́ nínú àpò ọmọkùnrin, kí lẹ máa pè é? Bó bá jábọ́ nínú báàgì ọmọbìnrin ńkọ́? Ẹ kọ ìdáhùn méjèèjì sójú pátákó, kí ẹ má sọ nǹkan kan fún ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí a fẹ́ kó dáàbò bo ara rẹ̀ la tún ń bú nítorí pé ó gbé ìdáàbòbò dání.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ mọ ọ̀nà ìfètòsọ́mọbíbí kí ẹ tó tọ́ ẹlòmíì sọ́nà

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí kúrò nílẹ̀: Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọjọ́ orí nìkan kì í ṣe ìdí tí ìmọ̀ ìṣègùn fi lè ní kí wọ́n má fún ọ̀dọ́langba ní ọ̀nà ìfètòsọ́mọbíbí kankan. Pé kò tíì bímọ rí kì í ṣe ìdí náà. Bí wọ́n bá ní "ọmọdé ò lè fi lúùpù", ìyẹn ohun kékeré tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, èrò ọkàn wọn ni wọ́n ń sọ.

Ká ní obìnrin 100 ń ní ìbálòpọ̀ fún ọdún kan láìlo nǹkan kan, nǹkan bí 85 á lóyún. Bó bá jẹ́ pé ọkọ ń fà á jáde kó tó da, nǹkan bí 20. Rọ́bà ọkùnrin, bí àwọn èèyàn ṣe ń lò ó gan-an, nǹkan bí 13. Tí wọ́n bá lò ó bó ṣe yẹ nígbà gbogbo, 2 péré. Oògùn oníhóró ojoojúmọ́, nǹkan bí 7. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta, nǹkan bí 4. Èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá àti lúùpù tó ń wà nínú ilé ọmọ, kò pé ẹyọ kan. Ohun tó fa ìyàtọ̀ náà ni ìrántí. Ti apá lè lo ọdún 3 sí 5 bí irú rẹ̀ bá ṣe rí, lúùpù oníbàbà lè tó ọdún 10, ọmọ náà kò sì ní nǹkan kan láti rántí. Oníhóró, ojoojúmọ́ ni, ní àkókò kan náà, ọmọ tó ń fi pamọ́ fún àwọn ará ilé á sì gbàgbé.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni pé ṣé kò ní jẹ́ kí òun bímọ lọ́jọ́ iwájú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ti yọ ti apá tàbí lúùpù, tàbí tí wọ́n dá oníhóró dúró, oyún lè dúró láìpẹ́. Abẹ́rẹ́ nìkan ló máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó kúrò lára: oyún sábà máa ń gba bí oṣù 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn kó tó dúró. Ohun tó ń ba ilé ọmọ jẹ́ ni àrùn ìbálòpọ̀ tí wọn ò tọ́jú, àti oyún tí ẹni tí kò mọṣẹ́ bá ṣẹ́.

Ẹ sọ fún ọmọ ṣáájú pé ti apá àti abẹ́rẹ́ máa ń yí nǹkan oṣù padà. Ó lè máa kán tótó, ó lè dá pátápátá. Ẹ̀jẹ̀ kankan kò kó jọ sínú. Ọmọ tí wọ́n sọ èyí fún á dúró. Èyí tí wọn ò sọ fún á lọ yọ ọ́ lẹ́yìn oṣù méjì.

Àwọn kan wà tó yẹ kí wọ́n jẹ́wọ́ àìsàn wọn kí wọ́n tó gba nǹkan kan. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tàbí tí ẹ̀fọ́rí ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́kan tí ojú ń kọ́kọ́ ṣú ṣáájú rẹ̀ ń dà láàmú, oníhóró tó ní èròjà méjì nínú kò bá a lára mu. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ rifampicin, àti àwọn oògùn wárápá bíi carbamazepine àti phenytoin, lè sọ agbára oníhóró àti ti apá di yẹpẹrẹ. Kí ó kó àwọn oògùn tó ń lò dání lọ.

Kò sí èyí tó ń dènà àrùn nínú gbogbo wọn àfi rọ́bà, ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún wọn pé méjì lẹ máa lò: ọ̀kan fún oyún, rọ́bà fún àrùn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Rọ́bà, ẹ fi ọwọ́ ṣe é

Ẹ̀kọ́ rọ́bà kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ẹ wá igi tí wọ́n gbẹ́, kí ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní rọ́bà kan, ọkùnrin àti obìnrin.

Kí wọ́n kọ́kọ́ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára páálí rẹ̀. Kí wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́: bó bá rọ̀ bíi ìrọ̀rí kékeré, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀, kò tíì lu. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi ya á, kì í ṣe eyín. Kí wọ́n fún orí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde, kí wọ́n wá yí i sísàlẹ̀ títí dé ìdí. Bí kò bá yí, wọ́n gbé e dojú dé. Kí wọ́n ju ìyẹn nù, kí wọ́n mú òmíràn, nítorí àtọ̀ lè ti kàn án. Lẹ́yìn ìbálòpọ̀, kí ó fọwọ́ di ìdí rẹ̀ mú kó tó fa ara rẹ̀ jáde, nígbà tí ara ṣì le. Lẹ́yìn ìyẹn, kó ta á ní kókó, kó jù ú sínú ìdọ̀tí.

Òróró àti ìpara ń jẹ rọ́bà, èròjà olómi tó ń yọ̀, tí wọ́n ṣe fún rọ́bà, nìkan ni kí wọ́n lò. Méjì kì í wọ ara wọn, wọ́n á fa ara wọn ya. Àpamọ́wọ́ tí wọ́n ń jókòó lé kì í ṣe ibi ìtọ́jú rẹ̀. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín ní gbogbo àkókò yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ọwọ́ wọn ń kọ́ṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ keje: Tí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀

Rọ́bà ya, oníhóró di ìgbàgbé, tàbí wọn ò lo nǹkan kan. Oògùn pàjáwìrì tó ń dènà oyún wà. Levonorgestrel, miligíráàmù 1.5, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò ó. Láàárín wákàtí 72 ló dáa jù, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Ulipristal ń ṣiṣẹ́ títí di wákàtí 120, ìyẹn ọjọ́ 5. Lúùpù oníbàbà tí wọ́n bá fi sí i láàárín ọjọ́ 5 kan náà lágbára ju oògùn méjèèjì lọ, ó sì tún lè dúró síbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Oògùn náà kì í ṣẹ́ oyún. Ẹyin ló ń dá dúró kó má tíì jáde, bí oyún bá ti wà, kò ṣe é ní nǹkan kan. Bí ọmọ bá bì kí wákàtí 3 tó pé, kó padà lọ béèrè. Bí nǹkan oṣù bá fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́, tàbí ọ̀sẹ̀ 3 pé lẹ́yìn ìbálòpọ̀ náà, kó ṣe àyẹ̀wò oyún.

Bí wọ́n bá fipá bá ọmọ lòpọ̀, ọkùnrin tàbí obìnrin, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yín ni "Mo gbà ẹ́ gbọ́," kì í ṣe "Kí lo lọ ṣe níbẹ̀?" Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, kó má wẹ̀, kó má sì fọ aṣọ náà. Ẹ fi bébà dì í, kì í ṣe ọ̀rá. Ká tiẹ̀ ní ó ti wẹ̀, ẹ ṣì máa lọ. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, á sì lò ó fún ọjọ́ 28. Oògùn pàjáwìrì fún oyún àti abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B (àrùn ẹ̀dọ̀) wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìpàdé ẹbí lè dúró di ọ̀la. Wákàtí 72 kò lè dúró.

Bí oyún bá ti wà, igbe kò lè yọ ọ́. Ọmọ tí kò tíì pé 20 tó lóyún wà nínú ewu gìrì aboyún àti àkóràn ju obìnrin ọdún 20 sí 24 lọ, nítorí náà kó tètè forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú aboyún. Òfin lórí oyún ṣíṣẹ́ yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè, ẹ bi dókítà. Bí ẹnì kan bá ti ṣe é fún un lẹ́yìn ilé, tí ibà wọlé tàbí ẹ̀jẹ̀ ń dà, ẹ má dúró bi í ní ẹjọ́. Ẹ bá ilé ẹ̀kọ́ sọ ìgbà tó máa padà, kí ẹ sì bi baba ọmọ náà kí ni tirẹ̀. Kò sí ìdí tí obìnrin á fi pàdánù ìwé rẹ̀ tí ọkùnrin á sì máa lọ kíláàsì bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ilé ìwòsàn, láti ẹnu ọ̀nà dé orí káàdì

Ẹ̀yin òbí, ẹ lọ wo ibẹ̀ ṣáájú. Ẹ béèrè wákàtí tí wọ́n ń rí àwọn ọ̀dọ́, bóyá òfin ibẹ̀ ní kí òbí fọwọ́ sí i, bóyá ọmọ lè bá nọ́ọ̀sì dá sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá mú un lọ fúnra yín, ẹ dìde kúrò nínú yàrá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó lé yín. Ẹ lè lo àǹfààní náà fún abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ọdún 9 sí 14 ló dáa jù fún un, kí ìbálòpọ̀ kankan tó bẹ̀rẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ ní 2022 pé ẹyọ kan pàápàá lè tó fún ọjọ́ orí yẹn.

Àrùn ìbálòpọ̀ kì í sábà fi ara hàn. Chlamydia àti àtọ̀sí lè wà lára fún oṣù púpọ̀ láìsí ìrora kankan, kó sì ti máa dí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà. Oògùn ń wò wọ́n sàn, àmọ́ àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ lò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á máa kó o fún ara wọn padà. Kí wọ́n má fi ọwọ́ ara wọn ra kápúsù tí ọ̀rẹ́ júwe. HIV kò tíì ṣeé wò dànù, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí àyẹ̀wò ò rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kì í kó o ran ẹlòmíì nípa ìbálòpọ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ tilẹ̀kùn kẹ́ ẹ tó béèrè orúkọ. Ẹ má pe ìdí tí ọmọ fi wá sókè níwájú èrò. "O káàbọ̀. Kí ni mo lè ṣe fún ẹ?" ni mò ń sọ báyìí, màá sì dákẹ́ títí ó fi máa dáhùn, bó ti wù kó pẹ́ tó. Lẹ́yìn náà ni màá sọ fún un pé ohun tó bá sọ á wà láàárín àwa méjèèjì, àfi bí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú ewu tàbí tí ẹnì kan ń ṣe é léṣe. Màá sọ ibi tí àṣírí náà ti pin kó tó wọnú ọ̀rọ̀ gan-an, kó má bàa dà bíi pé mo dà á. Bí ó bá mú ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ wá, mo máa ń kọ́kọ́ rí ọmọbìnrin náà nìkan, kí n tó pe ọmọkùnrin náà wọlé láti gbọ́ tirẹ̀.

Bí mo bá fún un ní káàdì ọjọ́ tó máa padà wá, ọjọ́ àti aago nìkan ni mò ń kọ síbẹ̀. Mi ò kọ "ìfètòsọ́mọbíbí" sórí rẹ̀, nítorí inú báàgì ìwé rẹ̀ ni káàdì náà ń lọ.